Ìbéèrè Yín fún Bàbá Kóòṣì: Iṣẹ́ Olùkọ́ tí Ọmọ Kì í Pẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo yà sọ́tọ̀ nínú àwọn tí ó dé ọ́fíìsì wa ní Òṣogbo lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: iṣẹ́ ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì ti yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo fún ní àyè jù, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ fi ayé rẹ̀ lé iṣẹ́ náà lórí, kò sì yẹ kí a dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì péré.

Ìbéèrè: Bàbá Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ti ń kọ́ ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ girama kan fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí mo kàwé jáde nínú ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Kansas ní kí n wá kàwé sí i lọ́hùn-ún, pé bí ó bá yá, mo lè di igbákejì kóòṣì ní community college. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi gidi, pé ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi ayé rẹ̀ ṣe ni? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Àlékúwodò, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni ó kọ́kọ́ ń da àwọn ọ̀rẹ́ rẹ láàmú, nítorí náà ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Community college jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ará agbègbè kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lo ọdún méjì níbẹ̀, yálà kí ó kọ́ṣẹ́ kan kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, tàbí kí ó kó máàkì rẹ̀ dání lọ sí yunifásítì láti parí ọdún méjì tí ó kù nínú dìgírì. Èyí tí ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn ti ìjọba ni Joliet Junior College ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1901. Àjọ tí ó ń bójú tó eré ìdárayá nínú ọ̀pọ̀ wọn ni NJCAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938. Ní 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn ọkùnrin fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní Springfield, ìpínlẹ̀ Missouri; nígbà tí ó di 1949, wọ́n gbé e lọ sí ìlú Hutchinson, ní Kansas tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń gbé gan-an. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní kí ó mú ọ dé ìlú náà ní oṣù kẹta, kí o fi ojú ara rẹ rí bí àwọn ènìyàn ti ń tú jáde láti wo àwọn ọmọ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní wọn kì í ṣe gidi.

Ohun tí ó ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ti yunifásítì ni pé ọmọ kì í pẹ́ lọ́wọ́ kóòṣì. Ọdún méjì ni òpin, ẹlòmíràn kì í sì í lò ju ẹyọ kan lọ kí yunifásítì ńlá tó wá mú un. Èyí já sí pé lọ́dọọdún ni nǹkan bí ìdajì ẹgbẹ́ ń tú ká, tí kóòṣì yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìwọ tí o dàgbà ní Òṣogbo, ìlú aró, o kò ní ṣàì ti rí aláró nídìí iṣẹ́. Oníbàárà gbé aṣọ funfun wá fún un; ó rì í sínú ìkòkò aró, ó yọ ọ́ jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó tún un rì, ó tún un yọ, títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dúdú bí ó ti yẹ. Ọjọ́ tí aṣọ náà bá dára tán ni ọjọ́ tí olówó rẹ̀ ń wá gbé e lọ. Bí aláró bá fẹ́ràn aṣọ oníbàárà débi pé kò fẹ́ kí ó kúrò lórí okùn rẹ̀, iṣẹ́ náà ti sú u nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì rí, mo sì fẹ́ kí o bi ara rẹ ní ìbéèrè yìí kí o tó gba físà: ǹjẹ́ mo lè kọ́ ọmọ kan dáadáa, kí n sì fi ọwọ́ ara mi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò fún mi?

Má fi ohun tí o ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n díwọ̀n bí ọjọ́ kan ti ń lọ nídìí iṣẹ́ náà. Ní yunifásítì ńlá, kóòṣì ní igbákejì púpọ̀, ó ní ẹni tí ń ṣètò ìrìn àjò, ẹni tí ń mójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, àti ẹni tí ń to fídíò eré. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, kóòṣì àti igbákejì kan tàbí méjì ni wọ́n ń pín gbogbo rẹ̀ ṣe. Òun fúnra rẹ̀ lè kọ́ kíláàsì ní àárọ̀, kí ó bójú tó ìdánrawò ní ọ̀sán, kí ó fọ aṣọ eré ní alẹ́, kí ó sì wa bọ́ọ̀sì kékeré fún ọ̀pọ̀ wákàtí lọ síbi eré ní ọjọ́ kejì. Òun ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tí kò yọjú sí kíláàsì aago mẹ́jọ, nítorí pé ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ kò ní lè gbá bọ́ọ̀lù; èyí tí ó sì burú jù ni pé yunifásítì tí ó ń dúró dè é kò ní lè gbà á wọlé. Láti oṣù kẹwàá ni ìdánrawò ti máa ń gbóná, tí eré yóò sì máa lọ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Nígbà tí àwọn aráàlú bá ti padà sílé, iṣẹ́ tí ojú kì í rí ni ó kù: kóòṣì yóò máa fi fídíò àwọn tí ó ń parí ránṣẹ́ sí yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò máa pe àwọn kóòṣì ibẹ̀ lórí fóònù, yóò sì tún máa rìn káàkiri ilé ẹ̀kọ́ girama láti wá àwọn tí yóò rọ́pò wọn. Lójú tèmi, àwọn oṣù ẹ̀yìn eré yìí ni a ti ń mọ kóòṣì rere yàtọ̀ sí kóòṣì tí ó kàn mọ eré.

Òfin eré náà yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí o fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ níbí. Ìlànà FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àgbáyé, tí a ń lò pín eré sí mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jù ú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 24. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ọkùnrin ní Amẹ́ríkà, ìdajì méjì ni wọ́n ń gbá, ìṣẹ́jú ogún-ogún, àkókò tí wọ́n ní láti ju bọ́ọ̀lù sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà tí ó lé yẹn fún kóòṣì ní àyè láti to eré bí ó ti fẹ́. Kọ́ ìlànà méjèèjì kí o tó lọ.

Ní ti owó, n kò ní tàn ọ́. Ọ̀pọ̀ igbákejì ni owó wọn kò tó gbéra, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Kóòṣì àgbà pàápàá, iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ ni ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, nígbà tí ti àwọn mìíràn so mọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n gbà á tán pátápátá máa ń ní láti ní dìgírì kejì, nítorí náà ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n rẹ pé kí o kọ́kọ́ kàwé bọ́gbọ́n mu. Rántí pé ẹni tí ó bá wọlé pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè máa gba owó iṣẹ́ lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìgba àṣẹ. Má jẹ́ kí ìfẹ́ bọ́ọ̀lù mú ọ rú òfin ìlú onílùú.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde ni mo fẹ́ dúró lé pẹ́, nítorí pé ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Jerry Tarkanian bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹgbẹ́ Riverside City College ní California ní 1961, ó gba ife kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ìpínlẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ní 1964, 1965 àti 1966. Ó bọ́ sí Pasadena City College, ó tún gbà á ní 1967. Nígbà tí ó sì di 1990, òun náà ni ó gba ife NCAA, ife gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ UNLV, yunifásítì Nevada ní Las Vegas. Lute Olson ti kọ́ Long Beach City College rí kí ó tó gba ife kan náà fún Arizona ní 1997. Denny Crum, tí ó gbà á fún Louisville ní 1980 àti 1986, ti wà ní Pierce College ní Los Angeles rí.

Ṣùgbọ́n ìtàn Nolan Richardson ni ó wù mí jù láti sọ fún ọ, nítorí pé ibi tí o dúró sí lónìí ni òun náà ti gbéra. Ilé ẹ̀kọ́ girama Bowie ní El Paso, ìpínlẹ̀ Texas, ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kí Western Texas College, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Snyder, tó gbà á síṣẹ́ ní 1977. Ní 1980, ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá eré 37, wọn kò pàdánù ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n sì gba ife NJCAA. Yunifásítì Tulsa kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó pè é. Ó mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà dání, Paul Pressey wà lára wọn, wọ́n sì gba ife NIT, ìdíje yunifásítì mìíràn, ní 1981, ọdún àkọ́kọ́ tí ó lò níbẹ̀. Ní 1994 ni ó gba ife NCAA pẹ̀lú Arkansas, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, ní àkókò tí àwọn yunifásítì ńláńlá ní gúúsù Amẹ́ríkà kì í fẹ́ fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ní Snyder ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún un láti kọjá girama.

Ẹni kejì tí mo fẹ́ kí o mọ̀ kò jáde ní tirẹ̀, nítorí pé kò fẹ́. Gene Bess bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Three Rivers, ní Poplar Bluff, ìpínlẹ̀ Missouri, ní 1970, kò sì gbé e sílẹ̀ títí di 2020. Ìgbà 1,300 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ja ewé olúborí. Kò sí kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí yunifásítì kankan, ní ìpele èyíkéyìí, tí ó dé 1,000 ṣáájú rẹ̀. Ó gba ife NJCAA ní 1979 àti ní 1992. Latrell Sprewell, tí àwọn àgbà olólùfẹ́ eré yìí kò ní gbàgbé láé, lo ọdún méjì lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó kọjá sí Alabama. Ní 2023 ni wọ́n gba Bess sínú Naismith Hall of Fame, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn akọni eré náà sí. Ronú sí i, ọmọ mi: àádọ́ta ọdún, lọ́dọọdún ni ó ń tú ohun tí ó kọ́ ká, tí ó sì ń tún un kọ́.

Bí o bá ní kí n yan èyí tí ó ṣòro jù nínú ọ̀nà méjèèjì, ti Bess ni èmi yóò mú. Ẹni tí ó gòkè lè mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ dání. Ẹni tí ó dúró ni yóò máa juwọ́ sí gbogbo wọn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé mo kùnà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òṣogbo yìí, mo ní ọmọ gíga kan tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, tí bọ́ọ̀lù kì í ṣìnà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú mìíràn kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó máa kàwé kí ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn. Ìdíje ìpínlẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fi lẹ́tà náà sínú àpótí mi, mo ní bí a bá gba ife tán n óò fún bàbá rẹ̀. A gba ife náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa mú lẹ́tà lọ sí ilé wọn, ẹlòmíràn ti gba àyè náà. Bàbá rẹ̀ kò bú mi. Ó kàn ká lẹ́tà náà, ó fi sí àpò agbádá rẹ̀. Ife yẹn ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí, n kì í sì í lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá di kóòṣì níbikíbi, ọjọ́ tí lẹ́tà ọmọ bá dé ọwọ́ rẹ ni kí o gbé e délé wọn.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi ayé rẹ̀ ṣe ni. Kí o tó lọ, kó fídíò ìdánrawò rẹ jọ, kì í ṣe ti eré nìkan, nítorí pé ẹni tí yóò gbà ọ́ fẹ́ rí bí o ti ń kọ́ni. Kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí o ti kọ́ láti ọdún mẹ́rin yìí sílẹ̀, kí o sì wádìí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà báyìí. Bí o kò bá mọ ibi tí wọ́n wà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Bàbá Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ìnṣì méje. Kóòṣì kan láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ní Texas rí fídíò rẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Bàbá rẹ̀ ní ìfàsẹ́yìn ni, pé ọmọ tí ó yẹ yunifásítì kò gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọdún méjì. Ejẹ́ǹtì kan sì tún ti wọ̀ ọ́, ó ń bèèrè owó kí ó tó bá wa parí ètò sikọ́láṣíìpù. Ìyá kan tí ń ta àdìrẹ, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ejẹ́ǹtì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kóòṣì tí ó bá fẹ́ ọmọ yín ní tòótọ́ kì í ta sikọ́láṣíìpù. Ìwé àdéhùn tí ọmọ yóò fọwọ́ sí àti ìwé I-20 tí ẹ óò fi tọrọ físà, láti ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Ẹ má fún ejẹ́ǹtì ní kọ́bọ̀ kankan. Ẹ wá nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ náà lórí ìkànnì rẹ̀, kí ẹ̀yin àti bàbá ọmọ jọ pè wọ́n, kí ẹ sì bèèrè bóyá kóòṣì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá ọmọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kì í ṣe ìfàsẹ́yìn. Masai Ujiri, tí ó dàgbà ní Zaria, gbá bọ́ọ̀lù ní Bismarck State College ní North Dakota. Nígbà tí ẹgbẹ́ Toronto Raptors gba ife NBA ní 2019, òun ni ó ń ṣe olórí ètò bọ́ọ̀lù wọn. Ime Udoka, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba kọ́lẹ́ẹ̀jì Eastern Utah kọjá. Ní 2022 ni ó kó Boston Celtics dé àṣekágbá NBA gẹ́gẹ́ bí kóòṣì. Jimmy Butler, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù NBA, lo ọdún kan ní Tyler Junior College, ní Texas kan náà tí wọ́n ti ń pe ọmọ yín, kí Marquette tó gbà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yunifásítì ńlá kò rí, tàbí tí máàkì wọn kò tíì tó. Ọdún méjì yẹn ni wọ́n fi ń gbára dì.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè ni ìpele tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà, nítorí pé àjọ NJCAA pín wọn sí mẹ́ta. Àwọn ti ìpele kìn-ín-ní lè san owó ilé ẹ̀kọ́, ilé gbígbé àti oúnjẹ pọ̀. Ní ìpele kejì, ìlànà ni pé ìrànwọ́ mọ sí owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé. Ìpele kẹta kì í fún ẹnikẹ́ni ní sikọ́láṣíìpù nítorí eré. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú ní California, tí àjọ tiwọn yàtọ̀, kì í fún ni rárá. Bí kóòṣì náà bá sọ pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni ọ̀fẹ́, fún ọdún mélòó, ta ni yóò sì sanwó ìtọ́jú bí ọmọ bá fara pa?

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀ sórí: àwọn ọmọ tí ó jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún tí ó ṣáájú rẹ̀, níbo ni wọ́n wà? Kóòṣì rere yóò dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìronú, yóò sọ ẹni tí ó wọ yunifásítì, ẹni tí kò rí ààyè, àti ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó bá ń sọ iye ife tí ó gbà nìkan, tí kò rántí orúkọ ọmọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín dúró ná. Kí ẹ sì sọ fún ọmọ náà pé kíláàsì ni kí ó mú ní dandan, nítorí pé máàkì tí yunifásítì kò bá gbà wọlé yóò sọ ọdún méjì náà di asán.

Ìbéèrè: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Èmi ni mo ń kọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboníṣe kan tí kò jìnnà sí Òṣogbo. Mo máa ń kà nípa àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà yìí, inú mi a sì bàjẹ́, nítorí pé àwa kò ní irú rẹ̀. Kí ni ẹ rò pé a lè ṣe? Kóòṣì ilé ẹ̀kọ́ gbogboníṣe kan.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ ní irú rẹ̀. Ọmọ tí ó ń ka ND lọ́dọ̀ yín, ọdún méjì ni yóò lò, lẹ́yìn náà ni yóò lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí ó wá HND, tàbí kí ó gba Direct Entry wọ yunifásítì. Lọ́dún méjì-méjì ni ẹgbẹ́ yín ń tú ká gẹ́gẹ́ bí tiwọn. Ìdíje NIPOGA, ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbogboníṣe, wà fún yín bí ti Hutchinson ti wà fún wọn. Àgbàlá eré tí FIBA là sílẹ̀ jẹ́ mítà 28 ní gígùn àti 15 ní fífẹ̀, òrùka tí a ń ju bọ́ọ̀lù sí ga ní mítà 3.05 kúrò nílẹ̀. Òrùka tiwọn kò fi ohunkóhun ga ju tiyín lọ.

Ohun tí ó sọnù ni ẹni tí yóò gbé fóònù. Ní tiwọn, kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ kóòṣì yunifásítì, ó sì ń tọ́jú ìwé nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan: gíga rẹ̀, máàkì rẹ̀, bí ó ti ń gbá lábẹ́ ìdààmú, bí ó ti ń hùwà nígbà tí wọ́n bá mú un jókòó. Níhìn-ín, ọmọ yóò gba ND rẹ̀, yóò lọ sílé, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò sì parí síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ kí ó parí. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí pé mo ti rí àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn dára tí wọ́n ń gun ọ̀kadà ní Ọláìyá, tí ẹnikẹ́ni kò bi bí wọ́n bá ṣì fẹ́ gbá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí yóò parí lọ́dún yìí. Ẹ kọ orúkọ àwọn mẹ́fà, ẹ ya fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pe àwọn tí ń kọ́ ẹgbẹ́ ní yunifásítì tí wọ́n ń lọ sí NUGA, ìdíje àwọn yunifásítì, kí fọ́ọ̀mù Direct Entry tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí méjì péré bá rí ààyè, àwọn ọmọ girama tí ń wo ẹgbẹ́ yín yóò mọ̀ pé ọ̀nà ń bẹ níbẹ̀, ẹ óò sì rí i pé àwọn tí yóò wá bá yín lọ́dún tí ń bọ̀ yóò dára ju àwọn tòní lọ.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì ní Òkè-Báálẹ̀, mo sì fẹ́ di kóòṣì bí mo bá parí. Àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ wa ní obìnrin kò lè kọ́ ọkùnrin. Ṣé òótọ́ ni? Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan.

Ìdáhùn: Kì í ṣe òótọ́, ọmọ mi. Ní 2020 ni Mesabi Range College, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota, fi ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin rẹ̀ lé Tamara Moore lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí kóòṣì àgbà, obìnrin tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní WNBA rí. Nítòsí ilé, Rena Wakama gba AfroBasket, ife ilẹ̀ Áfíríkà, pẹ̀lú D'Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, ní 2023, òun sì ni kóòṣì obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ife náà. Ní Paris ní 2024, ẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, nínú ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tí ó dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Òlíńpíìkì. Àwọn obìnrin ni Wakama ń kọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń kọ́ wọn nípa dídènà tàbí nípa yíyan ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù nígbà tí aago bá ń tán lọ tí ọkùnrin kò nílò.

Má bá àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ yín jiyàn. Ní eré tí wọ́n bá tún ní, jókòó sí etí àgbàlá pẹ̀lú ìwé àti bírò, ya àwòrán ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ju bọ́ọ̀lù, kí o sàmì sí èyí tí ó wọlé àti èyí tí kò wọlé. Lẹ́yìn eré, lọ fi han kóòṣì wọn. Bí ó bá ní kí o tún wá ṣe é fún eré kejì, kọ lẹ́tà sí mi padà.